Ẹ̀rọ Síídì Nínú Ilé: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, Títò Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀rọ síídì ni ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ohùn tí wọ́n ti sọ di nọ́ńbà sára àwo pẹlẹbẹ kan, tó sì ń dá nọ́ńbà náà padà sí ohùn tí etí lè gbọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ orin tó ṣáájú rẹ̀ kò kéré, nítorí pé abẹ́rẹ́ ni giramafóònù fi ń tọ ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, téèpù kásẹ́ẹ̀tì sì ń fara nu irin kékeré kan bí ó ti ń kọjá, ṣùgbọ́n bí síídì ti ń yí, kò sí ohunkóhun tó ń fara kan ibi tí ohùn wà, àfi ìmọ́lẹ̀ nìkan. Láti inú òtítọ́ kan yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn inú orí yìí ti jáde: ohun tó bá dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà, tó bá mú un ṣìnà, tàbí tó bá mì í ni ọ̀tá ẹ̀rọ síídì, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbà yóò mọ ibi tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, bí yóò ṣe so ó, àti bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an ní ìlú Orè, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Oríta ni Orè. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Èkó àti Ṣàgámù lọ sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tó ti ìlú Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì kì í dá níbẹ̀ tọ̀sán tòru, eruku wọn sì ń wọ inú ilé tó kọjú sí títì. Agbègbè igbó kìjikìji ni pẹ̀lú, tí òjò rẹ̀ pọ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń rin gbingbin fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, kí ọyẹ́ tó dé pẹ̀lú eruku tirẹ̀. Bí a bá fi iná ìjọba tí agbára rẹ̀ ń lọ sókè sódò kún un, a ó rí i pé ẹ̀rọ síídì tó wà ní Orè nílò ìtọ́jú ju èyí tí ìwé ìlò inú páálí rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ.

Bí síídì ṣe dé

Ilé-iṣẹ́ méjì ló para pọ̀ ṣe síídì, èyíinì ni Philips ti orílẹ̀-èdè Netherlands àti Sony ti Japan, ní 1980 sì ni wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n àti òfin tí gbogbo síídì ayé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ síídì fún títà ní Langenhagen, nítòsí Hannover ní Jámánì, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Sony gbé ẹ̀rọ síídì àkọ́kọ́ fún ìlò inú ilé, CDP-101, sí orí àtẹ ní Japan. Ọdún 1982 yìí kan náà ni King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lábẹ́ Island Records, èyí tó mú orin jùjú dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn olórin Yorùbá ṣì ń lò nílé, nítorí pé ẹ̀rọ síídì wọ́n lójú àwọn tó ń ra orin.

Ohun tó sọ síídì di ohun ilé gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá ni fíìmù. Ní 1993 ni wọ́n ṣe òfin àwo tuntun kan tí ń jẹ́ Video CD, tí gbogbo ayé mọ̀ sí VCD, èyí tí ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí síídì orin ṣùgbọ́n tó gba àwòrán tó ń rìn mọ́ra pẹ̀lú ohùn. Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé, àwo yìí rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n fi ń ta fíìmù Yorùbá, láti ọjà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ní Èkó ni wọ́n sì ti ń kó o lọ sí ìlú gbogbo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni àwo VCD kan lè gbà, ìdí sì nìyẹn tí fíìmù kan fi sábà máa ń wà lórí àwo méjì. Nítorí ìtàn yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Orè ń pè ní ẹ̀rọ síídì jẹ́ ẹ̀rọ VCD tàbí ẹ̀rọ DVD tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi wo fíìmù, tí wọ́n sì ń fi gbọ́ orin jùjú, fújì, ìwàásù, kéwú, àti orin asíkò àti bírípò ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tó múlé ti Odígbó.

Ohun tó wà lára àwo

Ìbú síídì láti etí kan sí ìkejì jẹ́ mílímítà 120, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1.2. Èyí tó pọ̀ jù nínú nínípọn yìí jẹ́ ike mímọ́ gaara kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pọ́líkábónétì. Lórí ike yìí ni wọ́n tẹ àwọn kòtò kéékèèké sí, wọ́n wá da alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n kí wọ́n lè máa dán bíi dígí, wọ́n fi fánííṣì bo alumíníọ̀mù náà, wọ́n sì tẹ orúkọ olórin sórí fánííṣì. Èyí fi hàn pé abẹ́ orúkọ olórin gan-an ni ohùn wà, kì í ṣe ẹ̀yìn tó ń dán tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́. Ọgbẹ́ tó bá bá ẹ̀yìn tó ń dán kọ́kọ́ ní ike nínípọn láti là kọjá, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó bá bá ojú tí wọ́n kọ̀wé sí lè ho alumíníọ̀mù náà kúrò, bó bá sì ti ho ó, kò sí àtúnṣe mọ́.

Àwọn kòtò yìí tò tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí ihò àárín, tó sì ń pòòyì jáde títí dé etí àwo. Bí wọ́n bá lè tú ìlà náà kó nà tàn-àn-ràn, gígùn rẹ̀ yóò ju kìlómítà 5 lọ. Àlàfo tó wà láàárín ìyípo kan àti èkejì jẹ́ máíkírómítà 1.6, bẹ́ẹ̀ máíkírómítà 1,000 ló wà nínú mílímítà kan péré.

Bí ohùn ṣe ń di nọ́ńbà

Ohùn jẹ́ ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáká lè gbọ́ ìgbọ̀nrìrì tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20 títí dé nǹkan bí 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ Harry Nyquist àti Claude Shannon ní Amẹ́ríkà ló fi yé àwọn onímọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà tọ́jú ìgbọ̀nrìrì kan láìsí àdánù gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ní ìgbà tó ju ìlọ́po méjì iye rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn ohùn orí síídì ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún sípíkà ọ̀tún àti ti òsì, tí wíwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sí ọ̀kan nínú ipele 65,536. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì méjì péré, 0 àti 1, tí wọ́n sì sọ di kòtò àti ilẹ̀ títẹ́jú lára àwo.

Nígbà tí àwo bá ń yí, ìtànṣán lésà, èyíinì ni ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ sí ojú kan ṣoṣo, ń gba inú lẹ́ǹsì kékeré kan gòkè láti ìsàlẹ̀ lọ bá ìlà náà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ náà ń ta padà dáadáa. Níbi tí kòtò bá wà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí padà láti púpọ̀ sí díẹ̀, tàbí láti díẹ̀ sí púpọ̀, ẹ̀rọ náà á kà á sí 1. Bí kò bá yí padà, á kà á sí 0. Lẹ́yìn èyí ni apá mìíràn nínú ẹ̀rọ ń sọ nọ́ńbà di agbára iná tó ń lọ sókè sódò bí ohùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti ṣe, àmpílífáyà á mú iná náà lágbára, sípíkà á sì fi í mi afẹ́fẹ́. Kí kíkà náà má baà yára jù tàbí kó falẹ̀ jù, mọ́tò ẹ̀rọ ń yí àwo ní nǹkan bí ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí lẹ́ǹsì bá wà nítòsí àárín, ó sì ń rọra dín in kù títí di nǹkan bí 200 bí lẹ́ǹsì bá ti dé etí.

Ohun méjì ló ń gba síídì lọ́wọ́ eruku àti ọgbẹ́ kékeré. Èkíní ni pé ìtànṣán náà fẹ̀ níbi tó ti ń wọ ike, kò sì tín-ín-rín tán títí tó fi dé ibi tí kòtò wà, nítorí náà eruku wẹ́wẹ́ tó wà lójú ike kì í lè dí i tán. Èkejì ni ọgbọ́n ìṣirò tí Irving Reed àti Gustave Solomon gbé jáde ní 1960, èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ lè fi nọ́ńbà tó kù mọ èyí tó sọnù. Bí ìyá ọlọ́jà tó ń rìnrìn àjò kì í ti í kó gbogbo owó rẹ̀ sí ojú kan, tó jẹ́ pé ó ń fi díẹ̀ sí ìgbànú, díẹ̀ sínú àpò, díẹ̀ sábẹ́ ẹrù, kí olè kan má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fọ́n nọ́ńbà orin kan káàkiri ìlà náà kí ọgbẹ́ kan má baà pa gbogbo rẹ̀. Ọgbẹ́ tó bá gùn tó nǹkan bí mílímítà 2.5 lórí ìlà kan náà ni ọgbọ́n yìí ṣì lè wò sàn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, orin á bẹ̀rẹ̀ sí fò.

Irú àwo àti irú ẹ̀rọ

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń ka gbogbo àwo. Ẹ̀rọ DVD lè ka síídì orin àti VCD, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ síídì lásán kò lè ka DVD láéláé, nítorí pé kòtò DVD kéré, ìlà rẹ̀ sì sún mọ́ra ju ti síídì lọ, ìmọ́lẹ̀ pupa tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nanómítà 650 ni wọ́n sì fi ń kà á, nígbà tó jẹ́ pé ti síídì jẹ́ 780, èyí tí ojú ènìyàn kì í rí dáadáa. Bákan náà, àwo tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin wà lórí rẹ̀ jẹ́ àwo MP3, níbi tí wọ́n ti fún nọ́ńbà orin pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá kọ MP3 sí lára lè máà kà á rárá. Àwo tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ orin sí tún yàtọ̀, nítorí pé kò ní kòtò gidi. Ìpele aró kan ló wà nínú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lésà ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí oòrùn ṣe ń mú aró aṣọ ṣá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ba àwo yìí jẹ́, nítorí náà kò yẹ kó wà lójú fèrèsé tàbí nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà

Ojú ibi tó tẹ́jú, tó sì dúró gbọin ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síídì lé. Kò gbọdọ̀ wà lórí sípíkà, nítorí pé ìró bàsì ń mi lẹ́ǹsì kúrò lójú ìlà, kò sì yẹ kó wà lórí àmpílífáyà, nítorí pé ooru tó ń jáde lára rẹ̀ ń dín ọjọ́ ayé lésà kù. Kí àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín rẹ̀ àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Ní ilé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Bìní, tàbí tó wà nítòsí ilé ìlapákó tí eruku pákó ti ń fò, ògiri tó jìnnà sí fèrèsé ojú títì ni ààyè rẹ̀. Aṣọ mímọ́ lè bò ó nígbà tí wọn kò bá lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n ká aṣọ náà kúrò kí wọ́n tó tàn án, kí wọ́n má sì dá a padà títí ara ẹ̀rọ yóò fi tutù. Aáyán àti èèrà fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà kí oúnjẹ jìnnà sí i.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ láti inú ọkọ̀ tó tutù, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó fún nǹkan bí wákàtí kan kí wọ́n tó tàn án, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin Orè yóò sọ ìrì sí ojú lẹ́ǹsì, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè là á kọjá. Kí wọ́n tún wo abẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ kan ní ìdè tàbí ìṣó kan tí ilé-iṣẹ́ fi di lẹ́ǹsì mú nígbà ìrìn àjò. Bí wọn kò bá yọ ọ́, àwo kò ní ṣiṣẹ́.

Síso ẹ̀rọ pọ̀

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà kankan, kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá ní orí mẹ́ta: pupa ni ohùn ọ̀tún, funfun ni ohùn òsì, yẹ́lò sì ni àwòrán. Orí tí wọ́n kọ OUT sí lẹ́yìn ẹ̀rọ síídì ni wọ́n ń so mọ́ orí tí wọ́n kọ IN sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí àmpílífáyà. Lára àmpílífáyà, ojú ihò tí wọ́n kọ CD, AUX tàbí LINE sí ló tọ́. Ojú ihò PHONO kò tọ́, nítorí pé fún giramafóònù ni wọ́n ṣe é, ohùn síídì yóò sì le jù fún un, yóò máa ya.

Wáyà sípíkà ní ojú méjì, pupa àti dúdú, tí pupa gbọ́dọ̀ bá pupa, kí dúdú sì bá dúdú ní sípíkà méjèèjì. Bí wọ́n bá gbé ti ọ̀kan yí padà, sípíkà kan yóò máa ti afẹ́fẹ́ nígbà tí èkejì ń fà á, ìlù bàsì á sì rọ. Kí àyè tó wà láàárín sípíkà méjèèjì tó àyè tó wà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tí olùgbọ́ jókòó sí. Nígbà náà ni etí yóò lè mọ ibi tí gángan wà àti ibi tí gìtá wà. Fún fíìmù, kí wọ́n tẹ AV lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì yan PAL nínú ètò ẹ̀rọ, nítorí pé ètò àwòrán tí Nàìjíríà ń lò nìyẹn. Bí àwòrán bá jáde ní dúdú àti funfun, tàbí tó ń yí láti òkè wá sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ iná

Nǹkan bí fóòtì 230 ni iná ilé ní Nàìjíríà. Kí olùrà ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ: bó bá jẹ́ 100–240, ó lè gba iná ilé láìsí ewu, bó bá jẹ́ 100 tàbí 120, láti Japan tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá, transfọ́mà tó ń dín iná kù gbọ́dọ̀ wà láàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ, kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé nígbà mìíràn iná tó ń padà bọ̀ máa ń fi agbára wọlé. Kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó bá dé kí wọ́n tó tàn án. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹ kó jẹ́ kí ìró rẹ̀ dọ́gba kó tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, sítébíláísà tó dára sì tọ́ sí ìdílé tó bá lágbára láti rà á. Bí àrá bá ń sán, kò sí bọ́tìnnì tó tó láti dáàbò bo ẹ̀rọ. Yíyọ ọ́ kúrò lára ògiri nìkan ló dájú.

Lílò àti ìtọ́jú

Kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Etí àwo àti ihò àárín nìkan ni ìka ń dì mú. Ojú tí wọ́n kọ̀wé sí ló ń kọjú sókè. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ ti ẹnu ẹ̀rọ wọlé. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ kó lè wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ka àkójọ orúkọ orin tó wà nítòsí àárín àwo, èyí ló sì fa ìdádúró díẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ láti ibì kan sí ibòmíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ àwo kúrò nínú rẹ̀.

Bí àwo bá dọ̀tí, aṣọ rírọ̀ tó mọ́, tí wọ́n fi omi díẹ̀ rẹ, ni wọ́n ń fi nù ún láti àárín jáde sí etí ní tààrà. Kò yẹ kí wọ́n nù ún ní ìyípo, nítorí pé ọgbẹ́ tó bá tọ ìlà orin yóò gùn kọjá mílímítà 2.5 tí ẹ̀rọ lè tún ṣe, nígbà tí ọgbẹ́ tó bá dá ìlà kọjá kò ní mú ju díẹ̀díẹ̀ lọ lára ìyípo kọ̀ọ̀kan. Kẹrosíìnì, pẹtiróò àti lọ́fínńdà ń jẹ ike, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ kàn án.

Ọ̀rinrin pẹ̀lú lè pa síídì. Ní 2001, Javier García-Guinea, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Madrid ní Spéènì, ṣe àyẹ̀wò síídì kan tí ẹnìkan mú bọ̀ láti Belize, ilẹ̀ olóoru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi, ó sì rí i pé ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín kan, ìbátan àwọn tó ń mú búrẹ́dì bu, ti wọlé láti etí àwo náà, ó ti jẹ nínú ike, ó sì ti ba alumíníọ̀mù jẹ́. Orè àti Belize jọ ara wọn ní ooru àti ọ̀rinrin; ìdí nìyí tí àwo fi gbọ́dọ̀ wà nínú páálí ike rẹ̀, ní òró, ní ibi gbígbẹ, tó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri tó ń rin.

Bí ẹ̀rọ bá ń kọ NO DISC, tàbí tí orin ń fò, àwo mìíràn tó dára ni wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò. Bí èyí bá kọrin dáadáa, àwo àkọ́kọ́ ló ní àbùkù. Bí kò bá kọrin, ó ṣeé ṣe kí eruku ti bo lẹ́ǹsì. Àwo tó ní búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́ lábẹ́, tí wọ́n ṣe fún nínu lẹ́ǹsì, lè yanjú rẹ̀. Ṣíṣí ìdérí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ atúnrédíòṣe tó mọṣẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ lésà lè pa ojú lára láìjẹ́ pé ojú mọ̀ pé òun rí nǹkan kan.

Ẹ̀rọ síídì tuntun ti ń wọ́n lọ́jà, ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀, ìwàásù, ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ìdílé ní agbègbè Odígbó sì wà lórí síídì nìkan, pàápàá lórí àwo aró tí kì í pẹ́. Kí gbogbo ìdílé tó ní irú àwo bẹ́ẹ̀ tètè mú un lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà wà nígbà tí àwo náà ṣì ṣeé kà, kí wọ́n da ohun tó wà lórí rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń kọrin àti ọdún rẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohùn àwọn tó bí wọn.